Ọwọ́ Tó Ń Lé Tìróò

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lónìí, orí rédíò tí kò ní àwòrán ni mo sì ti máa sọ ọ́. Ẹ yá mi ní etí yín, èmi náà á yá yín ní ojú mi.

Fíìmù tí mo ń wí yìí kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lé díẹ̀ lọ. Dúdú àti funfun ni, kò ní àwọ̀ mìíràn. Ilẹ̀ Ìráànì ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1962. Obìnrin akéwì kan, Forugh Farrokhzad, ló ṣe é. Bí a bá gbé orúkọ fíìmù náà wá sí èdè tiwa, Ilé Náà Dúdú la ó pè é. Àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ mú, tí wọ́n kó sí ibùdó kan lọ́tọ̀, ni fíìmù náà dá lé lórí.

Ṣùgbọ́n kí n tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ afárá kan kọjá.

Ní ìlú tí mo dàgbà sí, obìnrin kan wà tó máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ afárá tí à ń gbà lọ sọ́jà. Ẹ̀tẹ̀ ti bá a jà. Bí ẹ bá ní kí n ṣàpèjúwe ojú rẹ̀ fún yín lónìí, mi ò lè ṣe é, nítorí mi ò wò ó rí. Agolo ni mo mọ̀, agolo mílíìkì tí bébà ara rẹ̀ ti ṣí kúrò, tó máa ń gbé síwájú ẹsẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ìyá mi á tú kókó etí ìró rẹ̀, á mú kọ́bọ̀ kan, á dúró níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, á sì jù ú. Kọ́bọ̀ á dún nínú agolo. Obìnrin náà á ṣàdúrà fún wa. Àwa á yára kọjá, ìyá mi á sì di ọwọ́ mi mú ṣinṣin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá mi kì í ṣe ìkà ènìyàn. Aláàánú ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, àánú náà ló sì ń ṣe é tó fi ń ju kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àánú tó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láàárín ni.

Àlàfo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yẹn ni ọ̀rọ̀ mi. Dọkumẹ́ńtárì, ìyẹn fíìmù tó ń fi àwọn ènìyàn gidi hàn wá níbi tí wọ́n ti ń gbé ayé wọn, tí kì í ṣe eré tí òṣèré ń ṣe, lè dín àlàfo náà kù, ó sì lè fẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òtítọ́ ni wọ́n yà, kámẹ́rà kò lọ́wọ́ sí ohun tí ọkàn wa ń sọ nípa ẹni tí a rí. Kámẹ́rà kì í dá rìn. Ènìyàn ló gbé e sí ibi tó dúró sí, ènìyàn ló pinnu ìgbà tó máa kúrò lójú ẹnì kan, ènìyàn náà ló sì to àwòrán lé ara wọn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá sín in bákan, a ó ju kọ́bọ̀ láti òkèèrè. Bó bá sín in bámìíràn, a ó fẹ́ jókòó ti ẹni náà.

Kámẹ́rà nìkan kọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹnu tiwa ti ń ya àwòrán. Yorùbá ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè da wàrà nù. Gbogbo wa la ti pa òwe yìí rí láti fi kìlọ̀ pé ẹni tí kò lè ṣeni lóore lè ṣeni níbi. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán tó wà nínú rẹ̀: ọwọ́ méjì tí kò wúlò fún nǹkan kan àfi ìbàjẹ́. Òmíràn tún wà, ti adẹ́tẹ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ méjì tí irọ́ wà nínú rẹ̀, tó ní òun lu ọmọ òun ní ẹ̀ṣẹ́, òun sì tún já a ní èékánná. Ẹ̀rín la máa ń fi gbé ìyẹn jáde, ọwọ́ náà la sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kódà ohùn èdè wa fẹ́ ti ènìyàn ṣubú níbẹ̀: ẹ̀tẹ̀ ni àrùn, ẹ̀tẹ́ ni ìtìjú, ohùn kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ọmọdé tó ń gbọ́ méjèèjì láti kékeré, báwo ni kò ṣe ní so wọ́n pọ̀? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti kúrò nídìí òwe, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú ni màá máa wí. Ẹni ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àrùn ló tẹ̀lé e.

Ta wá ni Farrokhzad? Nígbà tó lọ sí ibùdó náà, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Akéwì ni, irú èyí tí ìlú ń kà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bú ní gbangba, nítorí pé ó kọ nípa ìfẹ́ láti inú ọkàn obìnrin, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kékeré ló ti wọlé ọkọ. Ìgbéyàwó náà tú ká, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì bọ́ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1958 ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ fíìmù Ebrahim Golestan ní Tehran. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kó máa gé àwòrán kó sì máa so ó pọ̀. Òun ló so fíìmù kan tó sọ nípa kànga epo rọ̀bì tó gbiná ní gúúsù Ìráànì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tí mo pè ní sísín ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí ẹ̀tẹ̀ mú wá ní kí ilé-iṣẹ́ náà bá àwọn ṣe fíìmù, òun ni iṣẹ́ náà já mọ́ lọ́wọ́. Ó kó òṣìṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ sí ibùdó Bababaghi lẹ́bàá ìlú Tabriz, ọjọ́ méjìlá ni wọ́n sì lò níbẹ̀.

Inú òkùnkùn ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò rí nǹkan kan. Ohùn ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń kìlọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ rí kò dùn ún wò, àti pé bí ọmọ ènìyàn bá di ojú sí i, ṣe ló máa pọ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ wá dé. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ìbòrí lórí rẹ̀, dígí níwájú rẹ̀. Àrùn ti jẹ ojú rẹ̀. Ó ń wo ara rẹ̀.

Ẹ bá mi dúró síbẹ̀ ná. Farrokhzad ì bá gbé kámẹ́rà síwájú obìnrin náà kó ya ojú rẹ̀ tààrà, bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀daràn ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí bí wọ́n ṣe ń ya aláìsàn sínú ìwé àwọn oníṣègùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú dígí ló ti jẹ́ ká rí i, kámẹ́rà sì ń sún mọ́ dígí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń wo dígí ti kúrò ní ìran tí à ń wò, òun gan-an ni olùwòran. Láràárọ̀ ni gbogbo wa ń wo dígí. Kí ẹ̀rù tó rójú ráyè bà wá, a ti dá ohun tí obìnrin yìí ń ṣe mọ̀, nítorí àwa náà ti ṣe é lónìí. Ojú tí àwa ń wò, òun náà ló ń wò. A jọ ń wò ó ni.

Mo ti fi fíìmù yìí han àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí dígí yẹn bá ti yọ, wọ́n á tẹ orí ba. Ẹnì kan á máa wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì rẹ̀. Mi ò kì í bá wọn wí. Ibi tìróò ni mo máa ń dúró dè.

Nítorí pé lẹ́yìn dígí ni ọwọ́ dé. Wọ́n ń ya irun fún obìnrin kan. Ìyá kan ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọmọdé ń ṣeré bọ́ọ̀lù. Nínú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọkùnrin gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí ìka kò pé lára rẹ̀, wọ́n ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run bí Mùsùlùmí gbogbo ṣe ń tọrọ. Ìgbéyàwó wà nínú ibùdó náà, wọ́n sì ń lé tìróò. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi mọ bí tìróò lílé ṣe rí. Ẹni tí wọ́n bá ń lé e fún kò gbọdọ̀ mira, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní àyà rẹ̀, ojú á là sílẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbójú sókè. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó sún síwájú lórí àga. Kò sí ẹni tó ní kó ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ rí i bóyá tìróò náà máa gún régé ni.

Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ òwe wàrà. Òwe ní ọwọ́ náà kò lè ṣe jù kó da nǹkan nù. Fíìmù náà kò fi gbólóhùn kankan jiyàn, ó kàn ń fi ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe hàn wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí òwe fi tán lẹ́nu. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo agbára irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà. Ìyà tí a rí lára ènìyàn máa ń jẹ́ ká kẹ́dùn, àmọ́ ó tún máa ń tàn wá, a ó rò pé ìyà náà ni gbogbo ohun tí ẹni náà jẹ́. Iṣẹ́ tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé ó ní ayé kan kí kámẹ́rà tó dé, ayé ọ̀hún yóò sì máa lọ bí kámẹ́rà bá ti kúrò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀, nítorí àìmọ̀ ló ń bí ìbẹ̀rù. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ẹ̀tẹ̀, dókítà ará Norway kan, Hansen, ló sì rí i lọ́dún 1873. Ìka kì í ṣàdéédé já bọ́ bí a ṣe ń sọ. Iṣan tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí nǹkan bá gbóná tàbí bó bá gún wa ni àrùn náà ń pa. Ọwọ́ tí kò mọ iná mọ́ á jóná, á gbọgbẹ́, egbò á jẹ ẹ́, ẹni tó ni í kò sì ní tètè mọ̀. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa pa oògùn pọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀, láti 1995 sì ni oògùn náà ti di ọ̀fẹ́ káàkiri ayé. Oṣù mẹ́fà tàbí oṣù méjìlá ni wọ́n sábà ń lò ó. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, kò sì rọrùn tẹ́lẹ̀ náà kó ranni, ara ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn máa ń borí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi kan lára yín tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, tí ẹ fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ má fi pamọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ.

Nínú fíìmù náà, ohùn ọkùnrin yẹn padà wá, ó sì gbẹ bí ohùn dókítà. Ó sọ bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí òṣì bá wà ni í ti í rí ibùgbé, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ó gbóògùn. Ohùn Farrokhzad fúnra rẹ̀ ni ìkejì. Ó ń rọra kà, ọ̀rọ̀ inú ìwé mímọ́ àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, bí ẹni tó ń dá gbàdúrà. "Èmi" ni ohùn yẹn ń wí. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán bá ń wí pé "àwọn wọ̀nyí", òun àti àwa olùwòran ti jọ bọ́ sí apá kan, àwọn tí à ń wò wà lódì kejì. Bó bá wí pé "èmi", ó ti sọdá. Síbẹ̀ mo ní ìbéèrè kan tí ó máa ń gún mi. Akéwì tí ara rẹ̀ dá, tó wá fún ọjọ́ méjìlá, ta ló fún un láṣẹ láti máa wí pé "èmi" dípò ẹni tí wọ́n tì mọ́bẹ̀? Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló jáde lẹ́nu àwọn ará ibùdó náà. Mo fẹ́ràn fíìmù yìí ju ọ̀pọ̀ tí mo ti wò lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó ni mo máa ń fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn yíjú sí wa, kó sọ ohun tó wà ní ọkàn rẹ̀.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú Farrokhzad ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1935, Arthur Elton àti Edgar Anstey ṣe fíìmù kan tí wọ́n pè ní Housing Problems, nípa àwọn òtòṣì tó ń gbé ilé tó ti jẹrà ní àdúgbò Stepney. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ya tálákà, ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè dáadáa ló máa ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, ẹrù ńlá ló sì jẹ́ láyé ìgbà náà, wọ inú yàrá tóóró, wọ́n sì ní kí onílé sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin kan, Ruby Grierson, wà lára wọn, òun ló mọ bí a ṣe ń fi ara àwọn ènìyàn balẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin dúró ti ògiri ilé wọn, wọ́n wo ojú wa, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ìyá kan ń ròyìn eku tó bá pàdé, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti sọ ìtàn náà fún aládùúgbò rí, ó mọ ibi tí wọ́n máa ń ṣe hàà. Ọ̀mọ̀ràn ìtàn ni. Àánú rẹ̀ ṣe ìlú, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lójú.

Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gáàsì ló sanwó fíìmù náà, nítorí pé ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́ á máa lo gáàsì. Ìyà nìkan ni wọ́n bi àwọn ènìyàn náà léèrè. Kò sí ẹni tó bi ìyá eléku yẹn léèrè irú orin tó fẹ́ràn tàbí ohun tó máa ń sè lọ́jọ́ Sunday. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn ní ohùn, a kò rí òòjọ́ wọn. Ní Bababaghi, a rí òòjọ́ wọn, a kò gbọ́ ohùn wọn tó. Fíìmù tí mo ń wá ni èyí tó ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bababaghi. Ọkùnrin kan ń rìn lẹ́bàá ògiri. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ohùn Farrokhzad ń ka orúkọ ọjọ́ bọ̀ láti Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ yẹn ni ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, títí ó fi yípo. Kò sí ẹkún níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn nílé rí mọ irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó fẹ́ àánú ojú ẹsẹ̀ á fi ibi tó burú jù hàn, á tẹ orin ìbànújẹ́ lé e, á sì sá kúrò. Eléyìí dúró títí ara wa fi fẹ́ máa yún wa. Ìyún ara yẹn ni ó fẹ́ ká mọ̀, nítorí ọkùnrin yẹn kò ní ibi tó lè sá lọ.

Ó wá ku ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kékeré tí àrùn ti fọwọ́ kàn jókòó, olùkọ́ ń bi wọ́n léèrè ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ní bàbá àti ìyá. Ọmọ tó dìde ní òun kò mọ̀, pé òun kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Olùkọ́ ní kí òmíràn dárúkọ ohun tó dára lójú, ọmọ náà dárúkọ òṣùpá, oòrùn, òdòdó, eré. Ó ní kí ẹlòmíràn dárúkọ ohun tó burẹ́wà, ọmọ yẹn sì dárúkọ ọwọ́, ẹsẹ̀, orí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọdé, ẹ̀rín dídùn ni. Wọ́n wá pe ọmọkùnrin kan síwájú pátákó, kó kọ gbólóhùn kan tí "ilé" wà nínú rẹ̀. Ó dúró, ó ń ronú. Níbẹ̀ ni Farrokhzad ti gé àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ibùdó náà ń bọ̀ wá bá wa lójú ọ̀nà, gbogbo wọn pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ jáde. Ilẹ̀kùn ńlá tì mọ́ wọn lójú. Orúkọ ibùdó àwọn tí ẹ̀tẹ̀ mú ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn náà. Ìgbà náà ni ọmọ yẹn wá kọ gbólóhùn tirẹ̀ sójú pátákó, gbólóhùn náà sì ni orúkọ fíìmù.

Ẹni tó bá mojú iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ilẹ̀kùn kì í dédé tì níwájú kámẹ́rà tó ti dúró dè é. Wọ́n to ibẹ̀ tò ni. Ṣé ẹ̀tàn wá ni? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Lọ́dún 1933, Luis Buñuel ya fíìmù kan nípa àwọn òtòṣì orí òkè ní Las Hurdes, nílẹ̀ Spéìn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ ẹran ewúrẹ́ àfi bí ewúrẹ́ bá já bọ́ láti orí àpáta. Lójú ẹsẹ̀, ewúrẹ́ kan já bọ́. Ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà dáadáa, èéfín ìbọn yọ níbẹ̀. Àwọn tó ń ya fíìmù ló yìnbọn pa á. Àwọn onímọ̀ kan ní Buñuel mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi èéfín náà sílẹ̀ kí a lè fura sí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ará Las Hurdes kò ní fíìmù mìíràn tó lè fi fèsì. Ilẹ̀kùn Bababaghi ń tì lóòótọ́, ọjọ́ tí kámẹ́rà wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn ì bá má já bọ́. Ibẹ̀ ni mo pààlà sí.

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, BBC gbé fíìmù alápá mẹ́ta kan jáde, Welcome to Lagos, nípa àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn Olusosun, àwọn ará Makoko, àti àwọn tó ń gbé etíkun Kuramo. Òṣèré David Harewood ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn, Wole Soyinka náà sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó ní ojú ìfojútínni ni wọ́n fi wo ìlú náà. Èmi wò ó, ọkàn mi sì pín sí méjì. Lórí ààtàn yẹn, mo rí àwọn ọkùnrin tó mọ iye owó irin àti ike, tí wọ́n ń wọn ọjà wọn, tí wọ́n ń ná an, tí wọ́n sì ń fi ọjọ́ ọ̀la ṣe ìṣirò. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olórin. Kò sí agolo níwájú ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ̀hónú tèmi wà lórí àkọlé: ó fi ibi mẹ́ta jẹ orúkọ gbogbo Èkó. Olùwòran ní Lọ́ńdọ̀nù á fẹ́ràn ẹni tó ń ṣa irin, á sì máa káàánú ìlú tó bí i. Fíìmù kan lè gbé ènìyàn mẹ́wàá dìde kó sì tẹ ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́lẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù lónìí kò ti ọ̀dọ̀ BBC wá. Ọ̀dọ̀ wa ni, nínú fóònù. Ẹnì kan á dúró ti ìyá arúgbó tó ń tọrọ báárà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé fóònù sókè, á máa ya owó bó ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá náà. Ẹ wo ibi tí fóònù dúró sí. Òkè ló wà, ó ń wo ìsàlẹ̀. Orí ìyá àti ọwọ́ tó tẹ́ ni àwòrán náà gbà, ojú ẹni tó ń fúnni lówó ló wà ní gbangba. Ìyá kò sọ orúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ya irú rẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe kí nǹkan tó rí báyìí. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ pa fóònù, ẹ fún un lówó náà síbẹ̀síbẹ̀.

Nígbà tí Farrokhzad máa kúrò ní Bababaghi, kò dá nìkan padà. Ọmọkùnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀tẹ̀ mú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì mú un lọ sí Tehran, ó di ọmọ rẹ̀. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ní Oberhausen, nílẹ̀ Jámánì. Ní oṣù kejì ọdún 1967, jàǹbá ọkọ̀ pa Farrokhzad, ọmọ ọdún 32 ni. Kò ṣe fíìmù ńlá mìíràn mọ́.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ìyá mi jọ wo Ilé Náà Dúdú ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń rí bàìbàì, ó ní kí n gbé àga òun sún mọ́ ọn. Kò tẹ orí ba nígbà tí dígí yọ. Nígbà tí a dé ibi tìróò, ó ní, "Ìyá ẹsẹ̀ afárá yẹn náà fẹ́ràn tìróò."

Mo yíjú sí i. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, Mọ̀ọ́mi?"

"Kí ló dé tí mi ò ní mọ̀ ọ́n? Àdìrẹ ló ń tà. Ìsọ̀ kẹta sí ti ìyá mi ni tirẹ̀. Aṣọ tó bá ti ka iye rẹ̀, o ò ní tún un kà. Ọjọ́ tí àrùn yẹn yọ sí i lójú, wọ́n kó ìsọ̀ rẹ̀ dànù."

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ orúkọ obìnrin náà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dá fíìmù náà padà síbi tìróò.